Ọ̀rọ̀ Yàrá Tí A Sọ ní Èbúté

Àwẹ̀ró, jókòó kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí ọ̀sà, tó ń bá ọlọ́kọ̀ kan ṣiṣẹ́. Atukọ̀ ni. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ọ̀gá rẹ̀ ni, bàbá àgbà kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Ọlọ́kọ̀. Ọkọ̀ onípákó gígùn ni, ẹ́ńjìnnì wà ní ìdí rẹ̀, òun ló sì ń gbé èrò láti èbúté ìlú wọn lọ sí òdìkejì omi, níbi tí ọjà ńlá, ilé ìwé gíga àti ilé ìwòsàn wà. Kò sí afárá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, ọkọ̀ ni yóò wọ̀.

Ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ju ti ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ lọ. Bàbá tó bí ọkùnrin náà ti kú nígbà tó wà ní kékeré, Bàbá Ọlọ́kọ̀ ló mú un sọ́dọ̀. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ ibi tí omi jìn àti ibi tí kò jìn. Òun ló fi àwọn igi tí apẹja rì sábẹ́ omi hàn án. Òun náà ló wọ agbádá lọ bá a tọrọ ìyàwó. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tán, àwọn méjèèjì wá ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Bí bàbá bá tukọ̀ lọ, òun a tù ú bọ̀. Ẹni tí kò bá sí nídìí ẹ́ńjìnnì a jókòó ti ẹni tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ pé ohùn wọn ga síra wọn rí.

Ní ìgbà òjò kan, atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí nǹkan. Bàbá kì í kí ènìyàn mọ́ àfi bí ẹni náà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ wo ohun kan, a fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ tó ń wo àṣá. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, tí ó fẹ́ so okùn mọ́ òpó, ọwọ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ máa wá òpó náà kiri. Atukọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé àgbà ló dé. Ó ń bá a so okùn náà, ó sì ń dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ń tàn yòò lórí omi, bàbá ló wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ akóyanrìn kan ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Ó kún dé etí, ó wúwo, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í lè yà fún ẹnikẹ́ni. Atukọ̀ rí i. Ó rò pé bàbá náà rí i. Ó ń retí kí bàbá dín eré kù, bàbá kò dín in kù. Ó wo ojú bàbá. Ojú náà kọ sí ibi tí ọkọ̀ akóyanrìn wà gan-an, kò sì sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni ẹ̀rù bà á. Ó gba ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ bàbá lọ́wọ́, ó sì yí i. Ọkọ̀ fì, omi dà sínú rẹ̀, àwọn obìnrin di ara wọn mú. Ọkọ̀ akóyanrìn náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sún mọ́ wọn débi pé òórùn epo rẹ̀ gba inú ọkọ̀.

"Mo rí i," ni Bàbá wí. "Kí ló dé tí o fi gba ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lójú èrò?"

Atukọ̀ ní, "Ẹ má bínú, Bàbá."

Ìyá kan nínú ọkọ̀ sọ pé kíkánjú àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà pọ̀ jù. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ara tù wọ́n. Atukọ̀ kò lè rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ní ìsinmi mọ́. Bí bàbá bá ń tukọ̀, òun ló ń wo omi fún àwọn méjèèjì. Bí ó bá rí ewu, a ṣe bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán, a ní, "Ẹ wo bí àwọn apẹja ti pọ̀ lápá ọ̀tún lónìí," bàbá a sì yà sí òsì. Bí ó bá délé, oúnjẹ kì í lọ. Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè títí, ó sì sọ fún un.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn, Bàbá Àlàbá."

"Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Ẹni tó fi omi hàn mí ni kí n lọ bá, kí n ní kò rí omi mọ́?"

"Ẹnu yín náà ni. Ẹ wọlé tọ̀ wọ́n, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ọ́."

Ó lọ lóòótọ́. Ó bá bàbá nídìí oúnjẹ, ó ń jẹ pupuru, ìyàwó rẹ̀ àgbà sì ń bá a yọ egungun ẹja. Inú bàbá dùn láti rí i. Ó ń sọ̀rọ̀ atukọ̀ kan ní ìlú kejì tó fi ọkọ̀ gún igi, ó ní àwọn tó ń tukọ̀ nísinsìnyí kò ní ojú omi. "Ojú tèmi yìí," ni ó wí, "àṣá kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn." Ìyàwó bàbá kò gbé orí sókè kúrò lára ẹja tó ń yọ egungun rẹ̀. Atukọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó mu omi tí wọ́n fún un, ó ní òun kàn ní kí òun yà kí wọn ni, ó sì lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí ni ó pinnu láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó rò ó pé ẹni tí kò bá sí nínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ èrò kò lè sí lọ́rùn rẹ̀. Má bínú sí i, Àwẹ̀ró. Ìbẹ̀rù ló ń bá a rò ó.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá bàbá ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá nìkan ló wà nínú yàrá rẹ̀, ó jókòó sí etí ibùsùn. Atukọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo wá dágbére iṣẹ́ ni."

Bàbá ní kí ó dìde kí ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó tì í tán, bàbá ní, "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ kò ṣẹ̀ mí, Bàbá."

"Àbí ìyá rẹ nínú ilé yìí ni?"

"Rárá. Ìyá kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ṣé ọlọ́kọ̀ èbúté ìsàlẹ̀ ló pè ọ́?" Ọlọ́kọ̀ mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà náà, òun àti bàbá kì í sì í rẹ́.

"Rárá o, Bàbá."

"Kí wá ni?"

Atukọ̀ wo ilẹ̀. "Àwọn àna mi ní òkè ni wọ́n ní kí n wá bá wọn dá oko kòkó."

"Oko," ni Bàbá wí. "Ìwọ tí a ní kí o ro ẹ̀yìnkùlé yìí lọ́jọ́ kan, tí o lọ sá pa mọ́ sínú ọkọ̀." Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ti oko. Sọ èyí tó kù fún mi. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Èmi àti ìwọ nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu atukọ̀. Ó gbé ojú sókè láti sọ ọ́. Ó rí i pé ojú bàbá kò kọ sí òun gan-an, ẹ̀gbẹ́ etí òun ló ń wò. Àánú bàbá ṣe é, ojú tì í fún un, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Oko náà ni, Bàbá."

Bàbá fà sẹ́yìn. "Ó dáa. Máa lọ sí oko."

Ṣé o rí i, ẹni tí a kò bá fún ní ìdí, yóò wá ìdí fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì wá kì í dára. Bàbá rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó mọ̀ pé kì í ṣe oko. Ó wá pinnu pé ọlọ́kọ̀ èbúté ìsàlẹ̀ ló ti fi ẹ̀tàn gba ọmọ òun mọ́ òun lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ ní èbúté. Kí oòrùn tó wọ̀, ìlú ti gbọ́ pé atukọ̀ ti da bàbá tó tọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń kọjá.

Ìyàwó bàbá wá sí ilé rẹ̀. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ó ní, "Ọmọ mi, bí èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́ kí n bẹ̀ ọ́. Bàbá rẹ kò jẹun láti àná." Atukọ̀ lè sọ ọ́ fún un. Obìnrin tó ń yọ egungun ẹja fún ọkọ rẹ̀ kò ní ṣàìmọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti pa irọ́ náà fún bàbá, ó sì rò pé òun kò lè yí i padà mọ́. Ó ní, "Oko ni, Ìyá." Ìyá fi etí ìró nu ojú, ó dìde, ó lọ. Ìyàwó atukọ̀ wo ọkọ rẹ̀ láti inú ilé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èyí tó burú jù ló wá ṣẹlẹ̀. Bàbá ní òun kò ní gba ọmọọṣẹ́ mìíràn. Ó ní kí òun tó ní ọmọọṣẹ́ rárá ni òun ti ń tukọ̀, òun nìkan ni yóò máa tù ú ní àlọ àti àbọ̀. Tẹ́lẹ̀, bàbá ní ẹni tó ń jókòó tì í tó ń bá a wo omi. Ní báyìí, kò sí ẹnikẹ́ni. Irọ́ tí ọkùnrin náà pa láti fi bọ́ lọ́wọ́ ewu, òun ló ti gbogbo ìlú sínú ewu náà.

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Kò sí oko kankan níbì kan. Ilé àna rẹ̀ ni ó fẹ́ lọ jókòó sí títí yóò fi mọ ohun tí yóò ṣe. Lọ́rì tó ń lọ sí òkè a máa dúró lẹ́bàá èbúté, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó ẹrù wọn sí láàárọ̀, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ.

Ọyẹ́ mú gan-an. Ó bo ojú omi bí èéfín, a kò rí òdìkejì rárá. Inú rẹ̀ ni ìró àwọn ọkọ̀ akóyanrìn ti ń wá, ìkan lápá ìhín, ìkan lápá ọ̀hún, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà. Àwọn èrò ń wọ ọkọ̀ bàbá. Àwọn ọmọ ilé ìwé wọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé wọn. Àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ gbé agbọ̀n wọn wọ̀ ọ́. Aboyún kan tí ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọ̀ ọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ń fà á lọ́wọ́. Bàbá jókòó ṣinṣin sídìí ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ le. Ó mọ̀ pé atukọ̀ wà ní èbúté. Wọ́n ti sọ fún un.

Wọ́n gbé ẹrù tó kẹ́yìn sórí lọ́rì. Àwọn ọmọ ti gòkè. Ìyàwó atukọ̀ dúró nílẹ̀, ó ń wo ọkọ̀, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀. Onílọ́rì fun fèrè. Bàbá na ọwọ́ láti tú okùn, ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Ó tún nà án, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Obìnrin ẹlẹ́ja kan rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó bá a tú u.

Ni atukọ̀ bá fi lọ́rì sílẹ̀, ó sáré lọ sí etí omi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Bàbá kò yí orí. "Oko ń dúró dè ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sí yín létí ni."

"Mo ti ti ilẹ̀kùn fún ọ, o kò sọ ọ́. Èyí tó bá kù, sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn kí gbogbo ayé gbọ́."

Atukọ̀ wọ inú omi, omi mù ún dé orúnkún, ó sì di etí ọkọ̀ mú. "Ẹ má lọ láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ ká."

"Ṣé ọyẹ́ ni yóò wá kọ́ mi ní omi?"

Inú ń bí àwọn èrò. Ọkùnrin kan ní kí ó fi bàbá sílẹ̀, kí ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ tuntun. Òmíràn ní ọjà ń lọ. Aboyún náà kérora. Bàbá fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó dún. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lọ́wọ́ atukọ̀. Nínú ọyẹ́, ìró ọkọ̀ akóyanrìn kan ń sún mọ́ tòsí.

Ó wá sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá kò ríran mọ́."

Àwọn tó wà ní iwájú ọkọ̀ gbọ́. Àwọn tó wà ní èbúté náà gbọ́. Obìnrin ẹlẹ́ja ní, "Kí lo wí?"

Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú Bàbá ti lọ. Ọkọ̀ akóyanrìn ọjọ́sí, wọn kò rí i. Láti ìgbà òjò ni. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Gbogbo wọn wo Bàbá. Wọ́n ń retí kí ó bú u. Bàbá kò bú u. Ó ní, "Ẹ jókòó. Irọ́ ló ń pa. Ẹ jókòó, à ń lọ." Ṣùgbọ́n agbọ̀n ẹja ló kọjú sí tó ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ènìyàn. Wọ́n rí i.

Kò sí ẹni tó pariwo. Ìyá ọkọ aboyún náà dìde, ó di ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ sínú omi tí kò jìn. Àwọn ọmọ ilé ìwé bọ́ bàtà, wọ́n tẹ̀ lé wọn. Àwọn ẹlẹ́ja fi agbọ̀n wọn sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó ń jáde kúrò nínú yàrá tí aláìsàn ti ń sùn. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí bàbá gbọ́ pé òun ti lọ. Ẹ́ńjìnnì ń dún lójú kan, ó bo ìró ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ jókòó dáadáa," ni Bàbá ń wí. "Ẹ má dìde nínú ọkọ̀."

Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ ni atukọ̀ àgbà fi ń mọ ọkọ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ náà ń fúyẹ́, pé ó ń gbéra sókè nínú omi díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ dínkù. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

"Ó ku ẹnì kan bí?" ni ó béèrè.

"Ó ku èmi, Bàbá."

Atukọ̀ ni. Ó ti gun ọkọ̀ náà nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀kalẹ̀, ó sì jókòó sí ibi tó ti máa ń jókòó.

Bàbá fi ọwọ́ wá etí ọkọ̀, ó dì í mú. Ó wá ní, "Láti ìgbà òjò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ó ń dínkù. N kò mọ̀ pé ó tó báyìí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí kò rí? Ẹni tó jókòó tì í ló mọ̀. Ìwọ ni mo mú jókòó tì mí."

"Mi ò fẹ́ dójú tì yín, Bàbá."

Bàbá mi orí. "Nínú yàrá, tí a ti ilẹ̀kùn, oko lo fún mi. Ní èbúté, níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, òtítọ́ lo fún mi. O ṣì wọ́n pín."

Aboyún náà tún kérora ní etí omi. Bàbá gbọ́ ọ. Ó dìde, ó na ọwọ́, ó ní, "Mú mi dé ilẹ̀. Kí o wá gbé ọmọbìnrin yẹn kọjá." Ìyàwó rẹ̀ ti dé. Òun ló gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ atukọ̀, ó sì fà á lọ sílé láàárín èrò. Àwọn ènìyàn yà fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìlú rí i tí wọ́n ń fa Bàbá Ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́.

Atukọ̀ gbé àwọn èrò náà kọjá. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, ọkọ̀ akóyanrìn kan là jáde láti inú ọyẹ́ níwájú wọn, ó dúdú, ó ga bí ilé. Atukọ̀ rí i, ó dín eré kù, ó dúró kí ọkọ̀ náà kọjá. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló rí i.

Kò sí ẹni tó kú, Àwẹ̀ró. Obìnrin náà bímọ láàyè. Àwọn tó ń tutọ́ sílẹ̀ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀, wọ́n ní òun ló gbà wọ́n là. Lọ́rì ti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, atukọ̀ kò sì lọ sí ibì kankan. Bàbá ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa tu ọkọ̀ náà. Ó lọ dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, Bàbá sì dárí jì í. Wọ́n jọ jẹun. Ṣùgbọ́n Bàbá kò wá sí èbúté mọ́, kò sì jáde sí ìgboro mọ́. Ìgbà tó gbìyànjú rẹ̀, àwọn ènìyàn ń pariwo orúkọ wọn sí i létí bí ẹni pé adití ni, àwọn ọmọdé sì ń di ojú, wọ́n ń na ọwọ́ kiri, wọ́n ń ṣeré Bàbá Ọlọ́kọ̀. Ó gbọ́ wọn. Ó padà sílé.

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó bàbá bá atukọ̀ jáde dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá rẹ ti bá mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tí ọdún bá dé, òun yóò pe àwọn ènìyàn, òun yóò fi ọkọ̀ lé ọ lọ́wọ́ níṣojú wọn, òun yóò sì jókòó. Kò kàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ ni. Ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ti tó, ló ń dúró dè." Ó wo atukọ̀. "Èmi náà kò sọ ọ́. Ẹja ni mo ń yọ egungun rẹ̀."

Ibi tí mo mọ ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn. Ó kan ìwọ.

O wá bá mi pé o fẹ́ fi ilé ìwé tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀. Obìnrin tó ni ilé ìwé náà ló gbà ọ́ nígbà tí o kò ní ibi tí o lè dé. O ní láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ọwọ́ rẹ̀ ti le, pé ó ń na àwọn ọmọ kéékèèké bí ẹni tó ń bá ọ̀tá jà, pé o ti rí ẹ̀jẹ̀, o kò sì lè wò ó mọ́. O ní lọ́jọ́ Ajé ìwọ yóò sọ fún un pé wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ lọ sí Ìlọrin. O bi mí bóyá irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára burú.

N kò ní kí o má lọ. Lọ. N kò sì ní kí o da gbogbo inú rẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ti owó oṣù tó ń pẹ́ àti ti olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn, fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ kò nílò láti kó gbogbo ìyẹn jáde. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwọ tí o jókòó tì í rí, tí òun kò rí. Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Bí o bá fún un ní Ìlọrin, yóò mọ̀ pé kì í ṣe Ìlọrin. Yóò wá ìdí fúnra rẹ̀. Yóò ní ìgbéraga ni, tàbí pé ilé ìwé mìíràn ló gbà ọ́. Yóò bínú, àwọn ọmọ náà ni yóò sì ru ìbínú náà, nígbà tí ìwọ kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti dúró láàárín wọn. Ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí bàbá ọmọ kan yóò sọ ọ́ fún un lẹ́nu géètì, níṣojú ọlọ́pàá.

Kúnlẹ̀ fún un. Kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọpẹ́ náà tọ́ sí i. Kí o wá sọ ọ́, kí ohùn rẹ wálẹ̀, kí o má sì dẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní yé e. Ó lè sunkún. Ó lè lé ọ jáde. Bí ó bá lé ọ, lílọ náà ṣáà ni o ń lọ. Bí kò bá sì gbọ́, wá bá mi, a ó jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ọmọ. Àmọ́ òun ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Má dúró di ọjọ́ Ajé. Ilé ló wà lónìí. Kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọlé, kí o pa á dé.